Òjò Àrọ̀kúrọ̀ àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn Òṣogbo délẹ̀ kí ó má mẹ́nu ba òjò. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa ni pé Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó ti wá. Ọ̀dá ni ó lé wọn kúrò níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Omi gbẹ, ohun ọ̀gbìn sì rọ lójú oko. Wọ́n ń wá omi kiri inú igbó títí Láròóyè tí í ṣe olórí wọn, àti Tìmẹ́hìn tí í ṣe ọdẹ, fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Nítorí omi ni wọ́n ṣe dó síbẹ̀, odò náà ni àwọn ará Òṣogbo sì ń bọlá fún títí di òní olónìí nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń wá a máa pọ̀ nígbà mìíràn ju bí ó ti fẹ́ lọ. Ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní gbogbo ibi tí ilé ti sún mọ́ omi ní Òṣogbo, kì í ṣe àìrọ̀ òjò ni ó ń kó àwọn ènìyàn lọ́kàn sókè nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ; àrọ̀jù rẹ̀ ni. Àkókò yìí ni òjò àrọ̀kúrọ̀ ń bọ̀ ti òun ti ìjì àti àrá. Àkókò yìí náà ni àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run ń rí iṣẹ́ ṣe jù lọ. Ta ni àwọn tí ń ṣọ́ ọ? Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó sá kòkó sórí ẹní wà nínú wọn. Alaró tí ó sá àdìrẹ wà nínú wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ka ìwọ̀n omi òjò ní àràárọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn sì wà tí kò sá ohunkóhun, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó fún, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè gbọ́ ìró àrá kí wọ́n má jáde lọ wo ojú sánmà. Bí irú wọn bá wà láàrin ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí, tiyín ni ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọdún ti pín ní ilẹ̀ wa. Nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo àti Iléṣà, ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni ó sì ń dáwọ́ dúró. Bí a bá kó òjò ọdún kan jọ ní Òṣogbo, yóò tó nǹkan bí mìlímítà 1,300. Kì í rọ̀ bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ó máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, lẹ́yìn náà a sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ: ojú ọ̀run a ṣú, òtútù a mú, òjò winniwinni a máa ṣẹ́, ṣùgbọ́n òjò ńlá kì í sábà sí. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, a tún padà dé pẹ̀lú agbára. Ọ̀wàrà ni àwọn baba wa ń pe oṣù kẹwàá, orúkọ náà sì bá ọ̀wààrà òjò mu. Ó dà bí ẹni pé òjò ti pa ẹni tí ó sọ oṣù náà lórúkọ rí.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ó ru omi, ó sì tutù. Èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní ìhà àríwá ìlà oòrùn. Ó gbẹ, ó sì gbé eruku dání. Èyí ni a ń pè ní ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé dà bí ààlà oko, ṣùgbọ́n ààlà náà kì í dúró lójú kan: bí oòrùn bá lọ sí àríwá, a tẹ̀lé e lọ, bí oòrùn bá padà, a bá a padà. Nínú oṣù kẹjọ, ààlà yìí a ti kọjá Kánò àti Kàtsínà lọ sí etí aṣálẹ̀. Abẹ́ afẹ́fẹ́ òkun nìkan ni àwa wà nígbà náà, ilẹ̀ kò sì gbóná tó láti ti ìkúùkù lọ sókè. Ìdí nìyí tí òjò fi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ohun gbogbo ń yí padà. Ààlà náà a bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ wá sí gúúsù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa fẹ́ lókè orí afẹ́fẹ́ olómi. Oòrùn tún ń ràn láàrin òjò kan sí èkejì, ilẹ̀ a gbóná, afẹ́fẹ́ olómi tí ó wà nílẹ̀ a sì gòkè tagbáratagbára. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, omi inú rẹ̀ a sì di ìkúùkù tí ó lè ga tó kìlómítà 15. Ẹ rò ó wò: kò sí òkè kan ní gbogbo ayé tí ó ga tó 9. Ohun tí ó ga ju gbogbo òkè ayé lọ ni ó ń rìn kọjá lórí ilé wa yìí ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì ń sọ pé òjò lásán ni.

Bí ìjì náà ti ń dé ni ó yẹ kí ẹ fi ojú ara yín rí. Láti òwúrọ̀ ni ooru ti ń mú tí òógùn ń bọ́ lára ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ewé kan kì í mì. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán, ìkúùkù funfun kan a yọ ní ìhà ìlà oòrùn bí òkè. Orí rẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ ọlọ́jà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì dúdú bí aró. Kò pẹ́ ni gbogbo ìhà náà a ṣú dẹ̀dẹ̀. Mànàmáná a máa kọ láìsí ìró, nítorí pé ó ṣì jìnnà. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù kan a dé lójijì: eruku a sọ, ìlẹ̀kùn a gbá, àwọn ìyá a sì máa ké pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá kó nǹkan nílẹ̀. Ẹ̀kán òjò ńláńlá a bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn tó ka mẹ́wàá, ọ̀wààrà ti dé. Ní ìgbà mìíràn yìnyín a bá a rọ̀. Líle rẹ̀ kì í sábà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni yóò máa rọ̀ tẹ̀lé e bí àrá ti ń sán lọ sí ìhà Ẹdẹ àti Ìwó.

Afẹ́fẹ́ tútù tí ó ṣáájú òjò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń bọ́ láti òkè gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kọjá, díẹ̀ nínú omi náà a gbẹ dànù, a sì mú afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká tutù, gẹ́gẹ́ bí omi tí ń gbẹ lára ẹni tí ó wẹ̀ tán ti ń mú un gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ. Nítorí náà a já bọ́ láti òkè, a kọ lu ilẹ̀, a sì tàn ká níwájú òjò. Òun ni ó ń ṣí òrùlé ilé ìwé, tí ó sì ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀ nínú oko kòkó. Ẹni tí ó bá ń dúró de ẹ̀kán òjò kí ó tó wá ibi ààbò ti pẹ́ jù.

Ohun mìíràn tún wà láti kíyè sí. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ nílẹ̀ ń ti ìwọ̀ oòrùn wá, ṣùgbọ́n ìlà oòrùn ni ìjì ń gbà bọ̀. Báwo ni èyí ti ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ní òkè réré, bí kìlómítà 3 tàbí 4 sí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan wà tí ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, òun ni ó sì ń da àwọn ìkúùkù náà bí darandaran ti ń da màlúù. Wọ́n a tò lẹ́sẹẹsẹ láti àríwá dé gúúsù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, wọ́n a sì máa sáré tó nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Iléṣà wà ní ìhà ìlà oòrùn sí Òṣogbo, bí a bá sì fa ìlà tààrà láàrin wọn, kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìjì tí ó ti dé Iléṣà yóò lo nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó tó dé Òṣogbo. Ọmọ tí ó wà ní Iléṣà lè pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Ìyá mi, ẹ tètè kó aṣọ nílẹ̀ o, ìjì ti kọjá lọ́dọ̀ wa." Àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ná an ju owó ìpè kan lọ, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí a ń gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òjò kan wà tí a bí sí ojú kan tí ó sì kú sí ojú kan náà; irú èyí kò ní oníṣẹ́ tí ń ṣáájú rẹ̀.

Ìrìn àjò ìjì wọ̀nyí kò pin sí ilẹ̀ wa. Àwọn ìgbì afẹ́fẹ́ tí ó bá wọn rìn a máa kọjá etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà wọ inú Àtìláńtíìkì, díẹ̀ nínú wọn a sì di ìjì ńláńlá tí ń yí po lójú omi. Ìjì Ivan tí ó ba erékùṣù Grenada jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìgbì rẹ̀ ti wọ omi ní ìparí oṣù kẹjọ. Nítorí náà àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù náà máa ń wo òkè orí tiwa ní ìgbà yìí gan-an, bí àgbẹ̀ Òṣogbo ti ń wo òkè Ìjẹ̀ṣà.

Ẹni tí ó bá gbójú lé ìsinmi oṣù kẹjọ, kí ó rántí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, odò Ògùnpa kún bo àwọn ilé ètí rẹ̀, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tí ó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ sí ìlú kan náà láàrin wákàtí díẹ̀. Ìwọ̀n yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ó yẹ kí ó rọ̀ nínú oṣù kan gbáko tí òjò pọ̀. Afárá wó, omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì kú. Òjò nìkan kọ́ ni a ó dá lẹ́bi. Àwọn tí ó kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi, àti àwọn tí ó da ìdọ̀tí di ojú àgbàrá, bá òjò dá ẹ̀ṣẹ̀ náà pọ̀ ni.

Ti Òṣogbo tún ní ìṣòro tirẹ̀. Odò Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, tí àwọn odò kéékèèké ń tú sínú rẹ̀, kí ó tó dé Òṣogbo. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà ní òru, omi rẹ̀ lè wá kún ní Òṣogbo lẹ́yìn náà nígbà tí oòrùn ń ràn tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Àwọn odò wẹ́wẹ́ inú ìlú kò rí bẹ́ẹ̀: òjò tí ó rọ̀ sórí páànù àti ọ̀dà ìgboro ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í dúró dé ọjọ́ kejì. Nítorí náà ẹni tí ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ìbéèrè méjì láti bi: kí ni ó ń rọ̀ lórí mi nísinsìnyí, kí sì ni ó rọ̀ lókè odò lánàá?

Àwọn àgbà ní àmì tiwọn tí wọ́n fi ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Wọ́n ń wo èèrà tí ó ń kó ẹyin rẹ̀ gòkè, wọ́n ń wo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó ń fò nílẹ̀nílẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù nínú afẹ́fẹ́. Nínú gbogbo wọn, òórùn yìí ni mo gbà gbọ́ jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó ń gbé e wá láti ibi tí òjò ti rọ̀ tán. Ti ọ̀pọ̀lọ́ kò dá mi lójú. Ó ń ké kí òjò tó rọ̀, ó ń ké nígbà tí ó ń rọ̀, ó sì tún ń ké nígbà tí ó dá; ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò wúlò nílé ẹjọ́. Àwọn kan sì wà tí a ń fi owó bẹ̀ nígbà ìnáwó kí wọ́n bá ni dá òjò dúró. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tí mo kíyè sí ni pé inú oṣù kejìlá ni iṣẹ́ wọn ń jẹ́ jù.

Ohun tí ó sọ ṣíṣọ́ ojú ọjọ́ di ìmọ̀ ni kíkọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ kan wà ní Manchester tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Dalton; láti ọdún 1787 títí ó fi kú ní 1844 ni ó ń kọ ojú ọjọ́ sínú ìwé. Apoògùn ni Luke Howard, ṣùgbọ́n òun ni ó fún oríṣiríṣi ìkúùkù ní orúkọ ní ọdún 1802, orúkọ wọ̀nyí ni gbogbo ayé sì ń lò títí di òní. Kò sí ẹni tí ó rán wọn ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjì ri ọkọ̀ Royal Charter ní etí òkun Wales ní oṣù kẹwàá ọdún 1859, tí ó lé ní 400 ènìyàn sì kú, Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, pinnu pé a gbọ́dọ̀ lè kìlọ̀ fún àwọn atukọ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, a tẹ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times. Nígbà tí kò bá bọ́ sí i, wọ́n a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn: Godwin Olu Patrick Obasi, ọmọ Ògòrì, ni akọ̀wé àgbà Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé láti ọdún 1984 títí di 2003.

Ní Nàìjíríà lónìí, NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní ibùdó ní Òṣogbo. Ẹ ó rí àpótí funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé oòrùn wọ ọ́. Thomas Stevenson ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ ìwé Treasure Island. Inú àpótí yìí ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, NiMet a máa sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí tó owó lójú àgbẹ̀. Àgbàdo kejì tí a gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án yóò máa yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá, ìgbà náà ni ó sì nílò omi jù. Bí òjò bá parí ní àárín oṣù kẹwàá, ewé lásán ni àgbẹ̀ yóò kórè.

Ní ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ Meteosat tí àwọn ará Yúróòpù ti ń gbé kọ́ òfuurufú láti 1977 ń ya àwòrán ìkúùkù orí ilẹ̀ wa tọ̀sán tòru, láti òkè tí ó tó kìlómítà 36,000. Síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ lórí rédíò pé òjò àti àrá ṣeé ṣe ní apá kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú yín a sì gbẹ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Òjò ìgbà yìí lè rọ̀ ní ìhà kan ọ̀nà kí ìhà kejì má rí ẹ̀kán kan. A lè mọ̀ pé ìkòkò yóò hó, ṣùgbọ́n a kò lè mọ ibi tí ìfófó àkọ́kọ́ yóò ti yọ. Àwọn àgbà kì í torí òjò tí ó ṣú da omi agbada nù. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọdún 2022 kí ìkún omi tó pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e sí gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, kí ẹ sì fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní aago kan náà ní àràárọ̀. Mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní òró àti ìbú jẹ́ lítà kan omi. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8 yóò gba lítà 4,000 nínú òjò mìlímítà 50 kan ṣoṣo, èyí sì tó dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 lọ́nà 20. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán, kí ẹ fi 3 pín in. Iye kìlómítà tí ó fi jìnnà nìyẹn. Bí ohun tí ẹ kà kò bá tó 30, ẹ wọlé, ẹ má sì sá sábẹ́ igi.

Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n omi, wákàtí tí ìjì dé, àti ìhà tí ó ti wá. Kí ẹ máa kọ òdo ní ọjọ́ tí kò bá rọ̀, nítorí pé òdo kì í ṣe àìsí iṣẹ́. Nígbà tí ó bá di oṣù kọkànlá, àrá a tún sán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni ìrì òwúrọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lórí koríko, ètè a bẹ̀rẹ̀ sí là, òdo a sì tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé náà títí di oṣù kẹta.